Báìkì rẹ ń ta gìrì bó bá ń rìn jẹ́jẹ́? Bí a ṣe ń tún un ṣe nìyí

Ẹni tó bá ti gun power bike nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ńṣe ló ń yọ̀ lọ. Àmọ́ jẹ́ kó wà ní gíà kejì, kí o dẹwọ́ tírọ́tù, kí o sì rọra ṣí i padà: á ta gìrì bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà lókùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ sáré lọ ni ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà báìkì ṣe. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Owó lọ, gìrì ò lọ. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ṣéènì ló dẹ̀.

Lóòótọ́, àbùkù kan wà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló bí i mọ́ ọn. Bí o bá pa tírọ́tù dé nígbà tí táyà ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà á dá epo dúró lẹ́nu ìnjẹ́kítọ̀. Bí o bá tún ṣí i, epo á dé lẹ́ẹ̀kan náà, báìkì á sì fò síwájú. Òfin èéfín tún wà níbẹ̀. Báìkì tó ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn máa ń lé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń rìn jẹ́jẹ́ máa ń yọ̀ lọ dáadáa sí i bí afẹ́fẹ́ bá wà ní nǹkan bíi 13 sí 13.5 sí epo 1. Ìwọ̀nba nìyẹn. Ohun tó dẹ̀, tó ń jò tàbí tó ti kúrò ní ìwọ̀n ló ń sọ ọ́ di ìyọnu.

Suzuki GSX-R750 ti ọdún 2004 àti 2005 ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí tìrẹ bá yàtọ̀, ìwé báìkì rẹ ni kí o tẹ̀ lé.

Ṣéènì ni kí o kọ́kọ́ wò. Gbé báìkì sórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́, fi ìka ti ṣéènì ìsàlẹ̀ sókè sódò láàárín gbùngbùn, kí o sì wọn bó ṣe ń lọ tó bọ̀ tó: milimítà 20 sí 30 ló yẹ kó jẹ́. Yí táyà díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá le jù ni kí o ti wọ̀n ọ́n. Má fún un le koko o, torí bí ẹ̀yìn báìkì bá wọlẹ̀, bẹ́árìn gíà ló máa jìyà rẹ̀.

Kébù tírọ́tù ló kàn. Tírọ́tù gbọ́dọ̀ yí lófo fún milimítà 2 sí 4 kó tó fa nǹkan kan. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tú nọ́ọ̀tì tó dè é, kí o sì fún un. Lẹ́yìn náà, tan ẹ́ńjìnnì, kí o yí ọwọ́ báìkì sọ́tùn-ún sósì. Bí ìró rẹ̀ bá ròkè, o ti fún kébù jù.

Fíltà afẹ́fẹ́ àti plọ́ọ̀gì, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Pààrọ̀ wọn bí wọ́n bá ti gbó. Bí báìkì bá jẹ́ tọ́kunbọ̀ tó ti pẹ́ nínú kọ̀ńténà, da epo inú táǹkì rẹ̀ nù kí o tó ṣe ohunkóhun.

Wá wo rọ́bà tó so throttle body, ìyẹn ihò mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Bí báìkì bá ń sílò, fọ́n omi ọṣẹ yí wọn ká. Bí sílò bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fọ́n nǹkan tó lè gbiná. Iná ni wọ́n ń wá.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ ibi tí tírọ́tù wà fún kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fò. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí sílò wà ní nǹkan bíi ìyípo 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, kí o pa á. So okùn iná méjì tí ìwé báìkì fi hàn lábẹ́ ìjókòó pọ̀, kí o sì ṣí kọ́kọ́rọ́. C00 á yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ìlà kékeré kan níwájú rẹ̀. Àárín ló yẹ kí ìlà náà wà. Bó bá wà lókè tàbí nísàlẹ̀, tú ìṣó sẹ́ńsọ̀ díẹ̀, rọra yí i títí ìlà á fi bọ́ sáàárín. Bí irun ni o ó máa yí i.

Bó bá ṣì ń ta gìrì, ó lè jẹ́ pé ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò fa afẹ́fẹ́ dọ́gba. Ìta gbangba ni kí o ti ṣe èyí, èéfín inú gáréèjì lè pa ènìyàn. Gbé fáànù síwájú rédíétọ̀ pẹ̀lú. So géèjì mẹ́rin tó ń wọn bí ihò ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tó mọ́ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jẹ́ kí báìkì máa sílò, kí o sì yí àwọn ìṣó ìdọ́gba díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan, fún un níná díẹ̀, dúró kí abẹ́rẹ́ rọlẹ̀, kí o tó kà á. Ìṣó tí ilé iṣẹ́ ti fi ọ̀dà sàmì sí, má fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ yìí ń gba sùúrù, àmọ́ òun ni mo gbádùn jù, torí o máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dákẹ́ pẹ̀sẹ̀.

Ìgbà yìí ni kọ̀ǹpútà wá kàn. Yálà o ra àpótí bíi Power Commander, tó ń yí iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fún ẹ́ńjìnnì padà, tàbí wọ́n tún kọ̀ǹpútà náà kọ bó bá ṣe é kọ, sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé ibi tírọ́tù díẹ̀, láàárín ìyípo 2,000 sí 4,500 ní ìṣẹ́jú kan, ni kó gbájú mọ́, kó sì fi sẹ́ńsọ̀ wideband, èyí tó ń ka ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo, wọ̀n ọ́n. Ní kó dí ọ̀nà PAIR tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú sàlẹ́ńsà kó tó wọ̀n ọ́n, torí afẹ́fẹ́ yẹn á jẹ́ kó dà bíi pé epo kéré. Bí o bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, bèèrè ohun tí òfin èéfín ibẹ̀ gbà láàyè kí o tó sanwó.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o máa yí lẹ́ẹ̀kan, kí o sì gun báìkì lójú ọ̀nà kan náà kí o tó kàn sí òmíràn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo èyí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló máa bá ọ bò ó: fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́ẹ́fẹ́, kí ṣéènì má baà dẹ̀ nígbà tí o bá ń ṣí tírọ́tù padà.