Bí a ṣe ń ṣọ́ra nígbà tí ooru àti ọ̀rinrin bá pàdé

Òógùn tó bá gbẹ lára ló ń mú ara tutù. Èyí tó bá kàn ń ṣàn wálẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Bí ọ̀rinrin bá ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kì í rí ibi gbẹ sí, ooru inú ara á sì há síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dígírì 32, pẹ̀lú ọ̀rinrin ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, fi ń rí lára bíi dígírì 41, kódà lábẹ́ ibòòji. Tí ẹ bá ń wo ìròyìn ojú ọjọ́ láàárọ̀, bó ṣe máa rí lára ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe dígírì nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún iṣẹ́ ọjọ́ náà tò. Ẹ ṣe èyí tó le ní kùtùkùtù tàbí nírọ̀lẹ́. Ó tó ọjọ́ 7 sí 14 kí ooru tó mọ́ ènìyàn lára, nítorí náà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú oòrùn kò gbọ́dọ̀ ṣe ju ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó máa fi ìdá kan kún un lójoojúmọ́. Àwọn tó fẹ́ fi hàn lọ́jọ́ kìíní pé àwọn lágbára ni ooru tètè ń gbé ṣubú.

Omi ńkọ́? Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ mu ife kan (bíi mìlílítà 240) ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ má dúró de òùngbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má mu ju lítà kan àtààbọ̀ lọ ní wákàtí kan. Omi àmujù ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù. Á mú orí fífọ́ àti èébì wá, tó jọ ti ooru gan-an, ẹlòmíràn á sì tún máa mu omi kún un. Bí òógùn bá ti ń bọ́ fún wákàtí mélòó kan, ẹ jẹun, tàbí kẹ́ ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ó má ga ju etí ṣíbí lọ, mọ́ lítà omi kan. Ẹni tí dókítà ti ní kó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, tàbí tó ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, kó kọ́kọ́ bi dókítà náà. Kó má kàn dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Nínú ilé, ẹ fa kọ́tìnì bo fèrèsé tí oòrùn ń wọlé láti àárọ̀, ẹ ṣí i nígbà tí ìta bá tutù ju inú ilé lọ. Fáànù dára, àmọ́ bí yàrá bá ti ju dígírì 40 lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ sí yín lára. Ẹ fi omi pa ara kẹ́ ẹ tó jókòó níwájú rẹ̀. Ẹ má sá aṣọ tútù sínú yàrá, ọ̀rinrin lẹ ń fi kún un.

Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dá wà nínú mọ́tò. Inú rẹ̀ lè fi dígírì 11 gbóná sí i láàárín ìṣẹ́jú 10, ṣíṣí gíláàsì díẹ̀ kò sì ràn án.

Òòyì, pajápajá, èébì àti òógùn púpọ̀ ni àmì àkọ́kọ́ pé ooru ti ń pa ènìyàn lára. Ẹ gbé ẹni náà lọ síbi tútù, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń dàrú, bó bá dákú tàbí tí gìrì mú un, ooru ti ju agbára ara rẹ̀ lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ ń làágùn lọ́wọ́:

1. Ẹ pe nọ́mbà pàjáwìrì.
2. Ẹ rì í sínú omi tútù títí dé ọrùn, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú. Bí kò bá sí ibi tí wọ́n lè rì í sí, ẹ da omi sí gbogbo ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ fi yìnyín tí ẹ wé sínú aṣọ sí ọrùn, abíyá àti ibi tí itan ti pàdé ara.
3. Ẹ má fún un ní nǹkan mu bí ojú rẹ̀ kò bá dá. Ẹ má fún un ní parasítámọ̀: ibà kọ́ ni ooru yìí, kò ní gbọ́ oògùn ibà.
4. Ẹ má dáwọ́ dúró títí àwọn onímọ̀ ìṣègùn yóò fi dé.