Fífa adágún gbẹ láti fi dáko: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀, láti ara Whittlesey Mere

Ẹni tó bá fẹ́ sọ adágún di oko sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ láti orí omi. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. William Wells, onílẹ̀ kan ní ìlà-oòrùn England, fa Whittlesey Mere gbẹ lọ́dún 1851, adágún tó tó nǹkan bí 1,500 éékà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n kọ́kọ́ la ọ̀nà fún omi kó ṣàn lọ fúnra rẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù tí Appold, olùṣẹ̀dá ẹ̀rọ ará England kan, ṣe sì fa ìyókù. Ẹ̀rọ sitíìmù alágbára ẹṣin 25 ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù náà, ó sì ń gbé nǹkan bí 16,000 gálọ́ọ̀nù ní ìṣẹ́jú kan. Omi lọ. Ilẹ̀ ló wá di wàhálà.

Má ṣe wọn ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Píìtì ni ilẹ̀ ibẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ dúdú fífúyẹ́ tí esùsú àti koríko ti kó jọ sí lábẹ́ omi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Bíi kànhìnkànhìn ló rí: bí omi bá ti kúrò nínú rẹ̀, á sún kì. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ á wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, á sì máa dín kù lọ́dọọdún. Èyí tó bá gbẹ di eruku, atẹ́gùn á gbé e lọ, tòun ti irúgbìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn.

Ohun kan tí wọ́n ṣe dáadáa ni òpó tí wọ́n rì gba inú píìtì tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 22, títí ó fi kan amọ̀ ìsàlẹ̀. Lọ́dún 1851, orí òpó onírin yìí àti ilẹ̀ dọ́gba. Nígbà tó di 1860, ó ti yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íńṣì 9. Lónìí ó yọ tó mítà 4, ilẹ̀ tó yí i ká sì ti rẹlẹ̀ ju òkun lọ.

Ohun tí èyí ń ṣe fún àgbẹ̀ ni pé kòtò tí omi ń gbà ṣàn kúrò lóko, tó jìn lónìí, á di pẹrẹsẹ lọ́la, nítorí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀. Odò tí pọ́ọ̀ǹpù ń da omi sí kì í bá ilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní tirẹ̀, àárín bèbè rẹ̀ ló wà. Gíga tí a ó gbé omi dé ń pọ̀ sí i, owó ohun tí ẹ̀rọ ń jó náà ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ri òpó mọ́lẹ̀ kí o tó tan ẹ̀rọ, máa wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí o sì fi ààyè sílẹ̀ láti gbé pọ́ọ̀ǹpù wálẹ̀. Má fa omi kọjá ibi tí gbòǹgbò nílò.

Má ṣe fi píìtì nìkan mọ bèbè. Ó fúyẹ́, omi sì ń gba inú rẹ̀ yọ. Gbẹ́ ihò tóóró ní àárín bèbè títí dé amọ̀, kí o fi amọ̀ kún un, kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ní November 1852, bèbè kan já ní Whittlesey, adágún sì padà dé sórí oko tuntun. Wọ́n tún ní láti fa á gbẹ látìbẹ̀rẹ̀.

Má ṣe dáná sun píìtì kí ilẹ̀ lè tètè mọ́. Eérú rẹ̀ á mú ọkà dára lọ́dún àkọ́kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lo ń sun. Amọ̀ tí a wà láti ìsàlẹ̀ tí a fọ́n sórí píìtì ló ń mú un wúwo tí atẹ́gùn kò fi ní lè gbé e, bí amọ̀ náà kò bá ti jìn jù.

Má sì ka gbogbo éékà sí oko. Ní Holme Fen, létí ibi tí adágún yẹn wà tẹ́lẹ̀, àwọn ibi tí kò ṣeé ro ti di igbó igi bẹ́ẹ̀ṣì (birch), òpó náà sì wà láàárín rẹ̀.