Bí sígínà bá gbé ọkọ yín lọ ìlú tí ẹ ò mọ ẹnì kan: bí ẹ ṣe lè ní èèyàn nínú bárékè tuntun

Ẹ̀yin ìyàwó sójà tí sígínà pósítìn (àṣẹ tó ń gbé sójà lọ ṣiṣẹ́ níbòmíì) ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún ọkọ yín, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá èèyàn. Kí ọkọ yín tó lọ sójú ogun ni kẹ́ ẹ ti ní wọn, kì í ṣe ìgbà tó bá lọ tán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkùnrin á dé bàtálíọ̀nù tuntun, tí kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún mú un lọ sí Borno fún Operation Hadin Kai, ogun tí wọ́n ń bá Boko Haram jà (orúkọ tó ń jẹ́ láti 2021 nìyẹn, Lafiya Dole ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀). Ẹ̀yin, àwọn ọmọ, àti ẹrù tí ẹ ò tíì tú tán lẹ máa kù nínú yàrá.

Odogbo n'Íbàdàn la wà kí wọ́n tó gbé wa lọ sí Rukuba ní Jos, nínú bárékè ńlá tí wọ́n fi orúkọ Maxwell Khobe sọ, níbi tí olú ilé iṣẹ́ Dífíṣọ̀n Kẹta wà. Télọ̀ ni mí, sájẹ́ǹtì lọkọ mi. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Bó bá jẹ́ Sókótó tàbí Enugu ni wọ́n gbé tiyín lọ, ẹ yí i bó ṣe yẹ.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó di ẹrù. Gbogbo obìnrin tó ti pẹ́ nínú bárékè ló ti gbé ìlú púpọ̀ rí. Ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n pé, "Ta lẹ mọ̀ ní Rukuba?" Ẹ gba nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ẹ bẹ ẹni tó fún yín pé kó pe onítọ̀hún níṣojú yín, kó sọ fún un pé, "Àbúrò mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín o." Nọ́ńbà lásán kì í ṣe nǹkan kan, ìpè yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi ní Odogbo, ló pe obìnrin Tiv kan báyìí fún mi. Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù wa fi máa dé lálẹ́, obìnrin náà ti gbá yàrá wa, ó ti pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì ti se ìrẹsì sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Kò rí mi rí láyé rẹ̀.

Ẹ tún rí i pé ìgbéyàwó yín àti ìbí gbogbo ọmọ ti wọ Part Two Order ọkọ yín, ìyẹn ìwé tí iṣẹ́ ológun ń kọ ọ̀rọ̀ ìdílé sójà sí. Bí orúkọ ọmọ ò bá sí nínú ìwé, ilé ìwòsàn ológun lè dá yín padà, kò sì sí aládùúgbò tó lè bá yín yanjú ìyẹn. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti lẹ́tà tráńsífà ilé ìwé, inú báàgì ọwọ́ yín ni kí wọ́n wà. Ẹ má kó wọn sínú ọkọ̀ ẹrù.

Lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ bá dé, ẹ béèrè ilé Magajiya. Òun ni olórí ìyàwó àwọn sójà nínú bárékè. Bó bá jẹ́ ọ́fíísà lọkọ yín, NAOWA tó jẹ́ ẹgbẹ́ ìyàwó àwọn ọ́fíísà lẹ máa bá lọ, tiwọn yàtọ̀. Bí ìpàdé bá wà, bí wọ́n bá fẹ́ pín nǹkan, bí ẹnì kan bá bímọ tàbí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹnì kan, ọ̀dọ̀ Magajiya lọ̀rọ̀ máa ń gbà. Ẹ kúnlẹ̀ kí i bí ẹ ṣe ń kí ìyá yín, ẹ sọ orúkọ ọkọ yín, kọ́ḿpìnì rẹ̀, búlọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ wà àti iye ọmọ yín. Ẹ sọ iṣẹ́ ọwọ́ yín pẹ̀lú, ẹ má tijú. Bí mo ṣe ní télọ̀ ni mí, Magajiya dìde, ó fa búláòsì kan yọ láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, apá rẹ̀ kan ti tú. Ó ní ṣé ó lè ṣeé wọ̀ lọ́jọ́ Sunday. Mo rán an lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò gbowó. Kí oṣù tó parí, àwọn obìnrin ti ń kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, Magajiya ló ń rán wọn wá.

Ibi omi lẹ ti máa mọ àwọn yòókù. Ní Rukuba, láago márùn-ún ìdájí, kẹ́ẹ̀gì òróró aláwọ̀ ìyeyè á ti tò lọ rẹrẹ nídìí ẹ̀rọ, orúkọ ọmọ oníkálukú lára rẹ̀: Mama Hauwa, Mama Ngozi, Mama Terver. Ẹni tó ni kẹ́ẹ̀gì lè ti padà lọ fọ abọ́ nílé, ipò rẹ̀ ò ní bọ́, àmọ́ ẹni tó bá ti kẹ́ẹ̀gì ẹlòmíì sẹ́yìn, ariwo tó máa gbọ́ á ju ti súfèé RSM, ọ̀gá àwọn sájẹ́ǹtì, lọ. Ẹ má rán ọmọ níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ lọ fúnra yín, bí ìlà bá sì ń rìn, ẹ bá ẹni tí kò sí nítòsí fa kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ síwájú. Bí èmi àti Mama Hauwa ṣe mọra nìyẹn. Ó dé, ó rí i pé tirẹ̀ ti kún, ó fi Hausa kí mi, ó dúpẹ́, ó ní, "Sannu, na gode." Láti ọjọ́ náà, "Ina kwana" (ẹ kú àárọ̀) ló fi ń jí mi, "Lafiya lau" ni mo fi ń dá a lóhùn. Ẹ tètè kọ́ ìkíni àti bí wọ́n ṣe ń béèrè iye ọjà, "nawa ne". Èyí tó kù á máa wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ẹ máa tọrọ nǹkan kékeré. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ wa nílé pé ká má máa tọrọ kiri, ṣùgbọ́n nínú bárékè, ẹni tí kì í tọrọ nǹkan ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹ tọrọ iyọ̀ lónìí, ẹ dá a padà lọ́la pẹ̀lú ata díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ bá wọn mú ọmọ wọn dání kí wọ́n lè sáré dé mámì, ọjà inú bárékè. Lẹ́yìn èyí ló tó rọrùn láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àwọn ọmọ títí màá fi dé lọ́sàn-án."

Ẹ̀yin náà ti ń rò ó pé ṣé Yorùbá ò sí níbẹ̀ ni. Wọ́n wà! Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò ní Jos tipẹ́tipẹ́, ìgbà tí iṣẹ́ kúsà àti rélùwéè ń kó èèyàn lọ síbẹ̀. Àwọn kan lára wọn, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá wọn sí. Ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn ní Yorùbá, tàbí ẹgbẹ́ àsàlátù, ẹ dara pọ̀. Ọkàn yín á balẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ "Ẹ kú àárọ̀, ẹ ẹ̀ jí?" lẹ́nu àjèjì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ síbẹ̀. Láago méjì òru, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yín ló máa gbọ́ yín, ó sì lè jẹ́ ọmọ Ìdọ̀mà.

Ẹ gbọ́dọ̀ ní èèyàn lẹ́yìn géètì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ò ka èyí sí, èmi sì rí i pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Bí bàtálíọ̀nù bá gbéra, ọkọ gbogbo àwọn obìnrin búlọ́ọ̀kù yín ló lọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀rù kan náà ló ń ba gbogbo yín, oorun ò sì kun ẹnì kankan. Ẹ máa nílò ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tí sígínà kì í yí ayé rẹ̀ padà. Tèmi ni obìnrin Bìróòmù kan tí mò ń ra tòmátì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Farin Gada. Òun ló kọ́ mi pé ọyẹ́ Jos kì í ṣe ti Ìbàdàn, nítorí ìlú náà ga ju ojú òkun lọ ní mítà tó lé ní 1,200, ó sì mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta súwẹ́tà òkìrìkà fáwọn ọmọ. Jos ti rí ìjà tó gba ẹ̀mí púpọ̀ ní 2001, 2008 àti 2010, àwọn ará ìlú sì mọ àdúgbò tí èèyàn ò gbọdọ̀ gbà bí nǹkan bá rújú. Ó máa ń pè mí láàárọ̀ pé, "Mama Túndé, má gba ọ̀nà yẹn lónìí." Tíṣà ọmọ yín àti nọ́ọ̀sì tó bá kọ́kọ́ tọ́jú yín dáadáa, ẹ mú wọn mọ́ra báyìí.

Tí gbogbo èyí bá ti wà nílẹ̀, ẹ mú pépà kan, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí ọmọ tó dàgbà jù lè kà á: ẹni tó ní ọkọ̀ tàbí kéke tó lè gbé yín lóru, ẹni tó máa gba àwọn ọmọ tó kù, ẹni tó máa bá yín lọ sílé ìwòsàn. Ẹ sọ fún àwọn tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, kí wọ́n gbà á lẹ́nu yín. Ìgbà tí gìrì mú àbígbẹ̀yìn mi, ọkọ mi wà ní Borno. Túndé ló ka nọ́ńbà náà fún mi, nítorí ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè di fóònù mú. Mama Hauwa ti gba àwọn tó kù kí kéke tó dé. Ó bọ́ ìborùn orí rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi ń nu ọmọ náà lára, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn pé kí n má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ìròyìn burúkú ńkọ́? Kí ọkọ yín tó lọ, ẹ gba nọ́ńbà rear party, ìyẹn àwọn sójà tó máa ṣọ́ yúníìtì sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń pín fídíò ìjà lórí WhatsApp, ẹ má ṣí i, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ rear party ni kẹ́ ẹ pè. Èmi àti Mama Ngozi ṣe àdéhùn kan: bí ọ̀rọ̀ bá dé sórí fóònù ẹnì kan nínú wa, ó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ èkejì, kò gbọ́dọ̀ dá jókòó tì í. Ẹ má sì gbé fọ́tò ọkọ yín tàbí ibi tó wà sórí Facebook, bó ti wù kí àárò rẹ̀ sọ yín tó.

Àjọ ńkọ́? Ẹ dúró díẹ̀ ná. Ẹ wo bí olórí àjọ ṣe ń sanwó fáwọn ẹlòmíì kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ iye tí ọkọ yín ń fi ránṣẹ́.

Bí sígínà míì bá sì jáde, ẹ san gbogbo àjọ tẹ́ ẹ ti kó, ẹ dá abọ́ oníabọ́ padà, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ẹ wá ìyàwó tó máa gba yàrá yín, bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ pè é, ẹ sọ fún un ẹni tó lè bá a wo ọmọ, ìgbà tí omi máa ń wá, àti ilé Magajiya.