Àṣìṣe Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Onígbàgbọ́ Máa Ń Ṣe Kí Wọ́n Tó Lọ Sí Pápá Ìhìnrere

Lọ́dọọdún, bí ìpàdé iṣẹ́ ìhìnrere bá ti parí ní ìjọ wa níhìn-ín ní Àkúrẹ́, àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi. "Bọ̀dá, Olúwa ti pè mí. Chad ni." Òmíràn á ní Íńdíà. Omijé á wà lójú wọn, mo sì mọ̀ pé omijé òtítọ́ ni, torí èmi náà sunkún bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ sí Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí mo ti lo ọdún mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Ìyókù, mo rí i lára àwọn tí a jọ wà ní pápá, àti lára àwọn tó padà wálé kí oṣù mẹ́fà tó pé, tí ojú ń tì wọ́n láti wọ ilé Ọlọ́run.

Má pe jápa ní ìpè

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀. Ìlú le. Ẹni tó jáde ní FUTA lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó ṣì ń tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò lè ṣe kó má ronú bí yóò ṣe kúrò nílẹ̀ yìí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kéèyàn lọ ṣiṣẹ́ tàbí kó lọ kàwé ní Kánádà. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti wọ̀ ọ́ ni kéèyàn pe irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ ìhìnrere kí ìjọ lè dáwó, kí àwọn opó tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba sì tú ìdí aṣọ torí rẹ̀.

Arákùnrin kan wá bá mi, ó ní London ni Olúwa fi sí òun lọ́kàn. Mo bi í pé, "Ta ni ní London?" Kò mọ̀. Mo ní àwọn ará Bangladesh pọ̀ ní ìlà-oòrùn ìlú náà, Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣé àwọn ni? Ó dákẹ́. Mo tún bi í pé bí Olúwa bá ní Bangladesh gan-an ni kó lọ ńkọ́, ṣé yóò lọ? Ó wolẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó padà wá, ó ní, "Bọ̀dá, iṣẹ́ ni mò ń wá." Mo gbá a mọ́ra. Kò rọrùn fún ọmọkùnrin láti sọ bẹ́ẹ̀. A gbàdúrà, àwọn àgbà ìjọ sì bá a wá iṣẹ́. Alágbàká níhìn-ín ní Àkúrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, lóṣooṣù ló sì ń fi owó ránṣẹ́ sí ìdílé kan tó wà ní pápá. Bí kò bá sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, London ni ìtìjú ì bá ti bá a.

Ẹni tó wọ bàálù ni yóò sọ̀kalẹ̀

Àwọn kan gbà pé bí bàálù bá ti gbéra, ọkàn tuntun ni yóò wọ inú àwọn. Èyí ni àṣìṣe tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù lọ. Ẹni tó wọ bàálù ní Èkó ni ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí o kì í bá jí gbàdúrà ní Òkè-Àró, o ò ní jí ní N'Djamena, olú ìlú Chad. Bí o bá ń bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì torí pé wọn ò fún ọ ní gbohùngbohùn nínú ẹgbẹ́ akọrin, o kò ní lè bá ará Brazil àti ará Kòríà gbé ilé kan náà ní pápá. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwòrán tí o kò lè fi han ìyá rẹ ló ń gba òru rẹ lórí fóònù, yóò burú sí i níbẹ̀, torí ìdánìkanwà máa ń bọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àṣírí yó. Mo mọ ẹni tí èyí dá padà, ó sì lẹ́bùn jù mí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àgbà tó ṣeé fọkàn tán, ẹ sọ ọ́ fún un kí ẹ tó lọ ya fọ́tò fún ìwé ìrìnnà.

Ẹ wo Bánábà àti Sọ́ọ̀lù. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi kọ́ àwọn ènìyàn ní Áńtíókù, bó ṣe wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 11:26. Orí kẹtàlá ni Ẹ̀mí Mímọ́ tó ní kí ìjọ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìjọ gbààwẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ lé wọn lórí, wọ́n rán wọn lọ. Wọn ò rán ara wọn. Tímótíù náà ńkọ́? Kí Pọ́ọ̀lù tó mú un dání, àwọn ará ní Lísírà àti Ìkóníónì ti ń ròyìn rẹ̀ ní rere. Kí ni àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé yóò sọ nípa tìrẹ? Kí ni ẹni tí o jẹ ní gbèsè láti ìgbà tí o ti wà ní 200 level yóò sọ?

Àwa tí a wà ní ìhà ibí yìí kò yẹ ká gbàgbé Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ló wà lọ́dún 1928, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì, nígbà tí ìpè bá a. Ẹnu iṣẹ́ ni Olúwa ti bá a.

Kó o tó sọ pé o fẹ́ lọ bá àwọn Hausa ní Niger, ṣé o ti dé Sábó níhìn-ín rí? Ṣé o mọ orúkọ Mọ́là tó ń ta ṣúyà fún ọ láti ọdún méjì? Lọ kí i. Má bá a jiyàn ẹ̀sìn. Jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, bi í nípa ìyàwó àti àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ nílé, jẹ́ kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwọ fúnra rẹ á mọ̀ bóyá o fẹ́ràn àwọn ènìyàn náà lóòótọ́, àbí òkìkí orúkọ míṣọ́nnárì lo fẹ́ràn.

Ọ̀rọ̀ èdè

Ó wù mí kí n pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, torí ibi tí mo ti ṣubú nìyẹn.

Mo ti rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ àti ògbufọ̀ tó mi. Nínú ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa ní ìwàásù àti ìtàn ìjọ, a kò kọ́ èdè kankan. Nígbà tí mo dé Maradi, ìyá arúgbó kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí mo háyà. Láràárọ̀ ni mo máa ń kí i, "Ina kwana?" Òun á ní, "Lafiya lau." Inú mi á dùn, mo rò pé mo ti ń gbọ́ Hausa nìyẹn. Ní oṣù kẹta, mo kí i lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kò dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn. Ó fọwọ́ lérán, ó ní, "Jikana ya rasu jiya da dare." Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àná nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo wá fi ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn láàrin ọjà dá a lóhùn. Mo ní, "Madalla!" Ọ̀rọ̀ ìdùnnú àti ìdúpẹ́ ni.

Ìyá náà wò mí títí. Ó gbé agbè omi rẹ̀, ó wọlé. Ọmọkùnrin kan tó ń ta omi kiri ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ọmọọmọ ìyá náà ló kú lóru àná, èmi sì sọ fún un pé ó dára bẹ́ẹ̀.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó forí jì mí, Ọlọ́run ló fi ọkàn rere sí i nínú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa ìwàásù tì fún ọdún kan. Àárọ̀ dé ọ̀sán, èdè ni mò ń kọ́, ìyá yìí sì wà lára àwọn tó kọ́ mi. Àwọn tó ń ràn mí lọ́wọ́ nílé ń béèrè iye ọkàn tó ti yí padà. Mo kọ̀wé pé kò tíì sí, pé mo ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Méjì nínú wọn dá owó dúró.

Àwa Yorùbá ló yẹ kí èyí yé jù. Ní Freetown, lọ́dún 1844, Àjàyí Crowther bẹ̀rẹ̀ sí wàásù ní Yorùbá fún àwọn ará wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ilé Ọlọ́run. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 1884, ni odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde. Ìyá tirẹ̀ gan-an, Àfàlá, tí ogun ti yà nípa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ fún bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kó tó tún rí i ní Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rìbọmi níbẹ̀ lọ́dún 1848. Èdè tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ló fi dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Mary Slessor tó dé Calabar láti Scotland lọ́dún 1876 gbọ́ Efik débi pé ó ń bá wọn dájọ́ ní kóòtù. Kí ló wá dé tí ọmọ Àkúrẹ́ yóò fi lérò pé Gẹ̀ẹ́sì tó òun?

Fún ẹni tó ń lọ sí Benin, Tógò tàbí Chad, bẹ̀rẹ̀ Faransé nísinsìnyí. Ilé ẹ̀kọ́ èdè Faransé ti ìjọba wà ní Àjàrà, Badagry. Ṣùgbọ́n Faransé ọ́fíìsì ni yóò bá ọ ṣí ilẹ̀kùn. Èdè abínibí wọn ni yóò jẹ́ kí wọ́n fún ọ ní àga jókòó.

Ìkánjú náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ro ìsọjí pápá ìṣeré tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń nawọ́. William Carey, míṣọ́nnárì ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Íńdíà lọ́dún 1793. Ọdún 1800 ni ará Íńdíà àkọ́kọ́ tó ṣe ìrìbọmi lọ́wọ́ rẹ̀. Adoniram Judson, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, lo bí ọdún mẹ́fà ní Burma kó tó rí ẹnì kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ pé fọ́tò èrò púpọ̀ ni ìjọ rẹ ń retí lóṣù kẹta, jẹ́ kí wọ́n mọ òtítọ́ yìí kí o tó lọ.

Ìwé, abẹ́rẹ́ àti owó

Má ra káàdì ibà pọ́njú-pọ́njú (yellow fever) láìgba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń tà á. Irọ́ ni, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ. Gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán, ọjọ́ 10 kí o tó dé ibi tí o ń lọ. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tó fún gbogbo ayé rẹ, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o wá sanwó tún un ṣe lẹ́yìn ọdún 10, má san. Má sọ nínú físà pé fàájì lo ń bá lọ nígbà tó jẹ́ pé o fẹ́ gbé ibẹ̀. Bí o bá sì pẹ́ ní ilẹ̀ tí kò sí ibà malaria, má fojú di ẹ̀fọn nígbà tí o bá padà wálé. Ara ti gbàgbé bó ṣe ń bá ibà náà jà.

Ní ti owó: jókòó kí o ṣírò rẹ̀ bí Jésù ṣe sọ nínú Lúùkù 14:28. Ilé, oúnjẹ, olùkọ́ èdè, owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ bí àìsàn bá dé. Má ta ilẹ̀ ẹbí. Má sì fi irọ́ kankan sínú lẹ́tà àdúrà, bó ti wù kí owó wọ́n tó.

Bàbá àti ìyá

Arábìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Oǹdó. Ó sọ ìpè rẹ̀ fún gbogbo ìjọ kó tó sọ fún bàbá rẹ̀. Ẹnu ìbátan kan tó gbọ́ ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá ti gbọ́ pé ọmọ òun ń lọ sí Chad. Bàbá ní kò ní lọ. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀ lòdì sí ẹ̀mí àtakò nínú ilé bàbá náà. Mo ní kí wọ́n dá àwẹ̀ yẹn dúró. Nínú Máàkù orí 7, àwọn ẹlẹ́sìn tó ń sọ fún òbí wọn pé ohun tí à bá fi tọ́jú yín ti di ti Ọlọ́run ni Jésù bá wí. Bàbá tó ń bẹ̀rù fún ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ìhìnrere.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi, olùṣọ́-àgùntàn wa àti ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá. Ó gbé àga fún wa, ó fún wa lómi, ó wá béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Bí àìsàn bá kọlù ú lọ́hùn-ún, ta ni yóò gbé e wálé? Ta ni yóò fẹ́ ẹ láàrin aṣálẹ̀? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀ tó ń rà lóṣooṣù, ta ni yóò máa rà á?

A ní èsì sí èkínní. Èkejì, a sọ pé a kò mọ̀. Ẹ̀kẹta, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ronú kàn án rí, bẹ́ẹ̀ ni a ti ń gbàdúrà fún ọmọ yìí láti ọdún kan. Olùṣọ́-àgùntàn bẹ bàbá pé kí wọ́n má bínú. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin gba oògùn ìyá náà sọ́rùn, wọ́n sì ti ra ti oṣù mẹ́ta kí a tó padà lọ bá bàbá.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la lọ. Ní ìgbà kẹrin, bàbá mú kàlẹ́ńdà ara ògiri sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù mi sẹ́yìn rẹ̀, kí n kọ ọ́ gàdàgbà torí ojú wọn. Mo kọ ọ́. Wọ́n gbé fóònù wọn jáde, wọ́n ń tẹ nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àtàǹpàkò wọn ń gbọ̀n díẹ̀. Tèmi dún nínú àpò mi. Wọ́n jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Òru tàbí ọ̀sán, mo máa pè ọ́."