Iná switch ń tàn, kọ̀ǹpútà kò wọ íntánẹ́ẹ̀tì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra switch oníhò 8, àpótí tí a fi ń so ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀, sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi n'Íbàdàn. Mo fa wáyà kan láti ara router, ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, bọ̀ ọ́, mo sì ki ti kọ̀ǹpútà 6 bọ̀ ọ́. Iná ń tàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Àbí òkú ọjà ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹ má tíì dá a padà. Switch kì í dá íntánẹ́ẹ̀tì mú wá. Ohun tí router bá gbé fún un ló ń pín káàkiri. Torí náà, ọ̀dọ̀ router la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi wáyà kan so kọ̀ǹpútà kan mọ́ router tààrà. Bí kò bá wọlé níbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ò kan switch rárá.

Bó bá wọlé, ẹ yí ẹ̀yìn router síta kí ẹ wo àwọn ihò rẹ̀ dáadáa. Ọ̀kan máa ń yàtọ̀ láàárín wọn, wọ́n á kọ WAN tàbí Internet sí i. Ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, kì í gbabẹ̀ jáde sí switch. Ọ̀kan nínú àwọn ihò tí wọ́n kọ LAN sí ni kí ẹ ti fa wáyà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í, nítorí bákan náà ni àwọn ihò yẹn rí, wáyà a sì wọ èyíkéyìí nínú wọn. Ní ti switch, èyí tó wù yín nínú ihò rẹ̀ ni kí ẹ lò.

Ìbéèrè: Ihò WAN ni mo ti fà á lóòótọ́! Mo ti yí i, kọ̀ǹpútà 4 sì ti wọlé. Ó ku méjì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Àdírẹ́sì tí mo rí lórí wọn, nọ́ńbà tí a fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Ẹni tó bá wa ṣe wáyà ti fi tẹ́sítà wò ó, ó ní kò sóhun tó ṣe wáyà.

Ìdáhùn: 169.254 yẹn ló tú àṣírí. Bí kọ̀ǹpútà bá ti jí, á ké sí router pé kó fún òun ní àdírẹ́sì, bíi 192.168.1.23. Bó bá ké títí tí kò gbọ́ èsì, á fún ara rẹ̀ ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Ẹ gbé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì wá síwájú, kí ẹ ki wáyà tó ń ṣiṣẹ́ bọ̀ ọ́. Bó bá wọlé, wáyà ẹ̀yìn ló jẹ̀bi, ohun yòówù kí tẹ́sítà sọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wáyà yìí, nítorí ó ti gba ọ̀pọ̀ òru lọ́wọ́ mi. Wáyà kéékèèké 8 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n lọ́ wọn pọ̀ ní méjì-méjì. Lílọ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí ariwo ti ọ̀kan ba ti èkejì jẹ́. Ẹ mú orí wáyà náà lọ́wọ́, kí ike tí a fi ń tì í pa wà nísàlẹ̀, kí wáyà fúnra rẹ̀ kọjú sí yín. Láti òsì, àwọ̀ tó yẹ kí ẹ rí nìyí: funfun tó ní ìlà ọsàn, ọsàn, funfun tó ní ìlà ewé, búlúù, funfun tó ní ìlà búlúù, ewé, funfun tó ní ìlà bíráùn, bíráùn. Ẹ ò rí i pé àwọ̀ ewé méjèèjì kò sí nítòsí ara wọn, búlúù ló wà láàárín wọn.

Ẹni tí kò mọ̀ á tò wọ́n ní méjì-méjì, ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé, búlúù sẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù. Ó gún lójú. Tẹ́sítà olówó pọ́ọ́kú á sì tan iná láti 1 dé 8, torí kò wo ohun mìíràn ju bóyá wáyà dé òdì kejì lọ. Àmọ́ èyí tó wà ní ipò 3 àti ipò 6, tó yẹ kí wọ́n jẹ́ ìbejì, ti di àjèjì síra wọn. Wáyà kúkúrú lè fara dà á. Èyí tó gùn dé yàrá ẹ̀yìn ò ní gbà. Ẹ gé orí méjèèjì kúrò, kí ẹ tún wọn ṣe ní ìtò yẹn.

Bí ẹ bá ti gé e, ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà kékeré kan. Bó bá funfun nínú bíi kọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù, ayédèrú ni, bàbà tín-ín-rín ni wọ́n fi bò ó lórí. Ní tèmi, mi ò ní lò ó fún ibi tó jìn. Wáyà gidi pàápàá ò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí. Láàárọ̀ yìí, gbogbo iná orí switch wa ń ṣẹ́jú wàràwàrà lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà kankan ò sì rí nǹkan ṣí. Dáadáa la fi sílẹ̀ lánàá.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Ó jọ pé ẹnì kan rí orí wáyà nílẹ̀, ó sì bá yín kì í bọ ihò tó ṣófo, láìmọ̀ pé ara switch kan náà ni orí kejì wà. Ìkéde tó yẹ kí kọ̀ǹpútà gbọ́ lẹ́ẹ̀kan á wá máa yí po láìdúró, títí tí kò fi ní sáyè fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹ máa yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá yọ tí iná fi rọlẹ̀, òun ni. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ orúkọ mọ́ orí méjèèjì gbogbo wáyà.

Ìbéèrè: Nẹ́pà gbé iná tó le jù wá, ó jó adáptọ̀ switch mi. Mo ní ti router àtijọ́ kan, ẹnu rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́. Ṣé kí n lò ó?

Ìdáhùn: Ẹ dákun, ẹ má tíì kì í bọ̀ ọ́. Ẹ dojú switch délẹ̀ kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ 5V, adáptọ̀ 12V á jó o lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà tó ní V (fóólìtì) lára méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Nọ́ńbà tó ní A (áńpù) lára adáptọ̀ lè pọ̀ ju ti switch lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i. Ẹ tún wo àwòrán róbótó tó ní àmì + àti −, kó bá ti ara switch mu. Bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, ẹ kọ́kọ́ tan router, ẹ jẹ́ kó jókòó dáadáa, kí ẹ tó tan switch.