Bí A Ṣe Ń Fi Àwòrán Sátẹ́láìtì Tọpa Bí Ìlú Ṣe Ń Fẹ̀

Kí ẹ tó gba àwòrán kankan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí ẹ óò máa pè ní ìgboro. Ṣé ilẹ̀ tí òrùlé, kọnkéré tàbí ọ̀dà bò nìkan ni, àbí ẹ óò ka pápá ìṣeré àti itẹ́ òkú mọ́ ọn? Bí ẹ bá fi ìtumọ̀ kan ya máàpù ọdún 2000, tí ẹ sì fi òmíràn ya ti ọdún 2020, ìtumọ̀ ni yóò fẹ̀, kì í ṣe ìlú. Ẹ kọ ìtumọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ sì fa ààlà agbègbè tí ẹ fẹ́ wò kọjá ilé tó kẹ́yìn dáadáa, nítorí eteetí ìlú ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀fẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán tí ẹ óò lò. Àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ń ya ojú ilẹ̀ láti ọdún 1972, ọdún 2008 sì ni wọ́n ṣí àkójọ wọn sílẹ̀ fún gbogbo aráyé. Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2015, méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú wọn a sì máa padà sí ojú kan náà ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Písẹ́lì Landsat, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù tí àwòrán pín sí, jẹ́ mítà 30 ní ìbú àti òró láti ọdún 1982 wá, ti Sentinel-2 tó kéré jù sì jẹ́ mítà 10, nítorí náà hẹ́kítà kan kò ju nǹkan bíi písẹ́lì 11 lọ nínú ti àkọ́kọ́, nígbà tó jẹ́ 100 nínú ti èkejì. Ẹni tó ń wá ìtàn ọgbọ̀n ọdún kò lè yẹ Landsat sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rí àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, Sentinel-2 ni kó mú. Ẹ ṣọ́ra fún àwòrán Landsat 7 tí wọ́n yà lẹ́yìn oṣù karùn-ún ọdún 2003, nítorí ẹ̀yà ara rẹ̀ kan bàjẹ́, ó sì fi ilà òfìfo sílẹ̀ lára àwòrán.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń dójú ti ènìyàn jù ni ilẹ̀ gbẹrẹfu. Ewé tútù a máa dá ìtànṣán near-infrared padà gidigidi, nígbà tí kọnkéré ń dá shortwave infrared padà jù ú lọ; ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò lè rí ni méjèèjì. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni ìṣirò tí wọ́n ń pè ní NDBI dúró: ẹ yọ near-infrared kúrò nínú shortwave infrared, kí ẹ sì fi àpapọ̀ àwọn méjèèjì pín ohun tó kù. Ṣùgbọ́n oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, tí oòrùn ti gbẹ, náà ń ṣe bíi kọnkéré gẹ́lẹ́. Nítorí èyí, àwòrán ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó. Ẹ kó gbogbo àwòrán ọdún náà jọ, ẹ yọ ibi tí kùrukùru bò kúrò, kí ẹ sì wo písẹ́lì kọ̀ọ̀kan láti oṣù dé oṣù: ibi tó bá hu ewé nígbà kan láàárín ọdún kì í sábà jẹ́ òrùlé. Níbi tí kùrukùru kì í ti í ká, Sentinel-1 tó ń lo rédà yóò rí ilẹ̀ gba inú rẹ̀.

Ìpínsísọ̀rí gan-an, ìyẹn sísọ irú ilẹ̀ tí písẹ́lì kọ̀ọ̀kan jẹ́, kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ẹ yan àpẹẹrẹ ilẹ̀ ìgboro, oko, igbó, omi àti ilẹ̀ gbẹrẹfu, kí ẹ fi wọ́n kọ́ Random Forest, ọ̀nà ìṣirò kan tó ń ti ara àpẹẹrẹ kọ́ ìpínsísọ̀rí, nínú ètò kọ̀ǹpútà bíi Google Earth Engine tàbí QGIS, kí ẹ sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà parí ìyókù.

Iye tó bá jáde kò tíì ṣeé gbé fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé agbègbè yín jẹ́ kìlómítà 1,000 níbùú lóròó (square kilometre), tí ìgboro jẹ́ 40 nínú rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, tí máàpù ọdún kẹwàá sì sọ pé ó ti di 60. Bí máàpù kejì yìí bá ṣi ìdá 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún mú nínú 960 tí kì í ṣe ìgboro, ó ti sọ kìlómítà 19.2 di ilé lórí ìwé, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ìfẹ̀sí náà mì. Nítorí náà, ẹ ṣa ojúàmì káàkiri láìṣe ojúsàájú, kí púpọ̀ nínú wọn bọ́ sí ibi tí máàpù ní ó ti yí padà, ẹ fi àwòrán tó mọ́ kedere yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi èsì náà tún ìṣirò ṣe.

Bí kìlómítà 20 tí ìgboro fi fẹ̀ náà bá dúró lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ fi iye ènìyàn wò ó. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní òṣùwọ̀n kan fún èyí, 11.3.1, tó ń fi ìyára ìfẹ̀sí ilẹ̀ wé ìyára ìbísí ènìyàn. Bí ènìyàn bá ti 200,000 di 250,000 láàárín ọdún mẹ́wàá ọ̀hún, ilẹ̀ ń fẹ̀ ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ènìyàn sì ń pọ̀ ní nǹkan bíi 2.2, ìpín ilẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ti kúrò ní mítà 200 níbùú lóròó (square metre), ó ti di 240. Ìlú náà ń jẹ ilẹ̀ ju bó ṣe ń bí ọmọ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ibi tó yí padà lé orí máàpù àbàtà, ojú omi àti ilẹ̀ oko ọlọ́ràá, kí ẹ sì ka iye hẹ́kítà tó bọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ẹ kọ àlàfo àṣìṣe sí ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó fẹ́ fa ọ̀nà tàbí fún ni níwèé àṣẹ ìkọ́lé lè mọ bó ṣe lè gbára lé e tó.