Bí Mo Ṣe Tún Àyẹ̀wò Piaget Ṣe Láàrin Àwọn Ọmọdé ní Ìbàdàn

Fún iṣẹ́ ìwádìí tí mo fi parí oyè kejì mi lórí ìdàgbàsókè ọmọ, mo yàn láti tún ọ̀kan nínú àwọn àyẹ̀wò Jean Piaget, onímọ̀ tó ṣèwádìí lórí bí ọmọdé ṣe ń ronú, ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Ohun tí mo ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: bí ọmọdé bá ṣi ìdáhùn sọ, ṣé òye rẹ̀ ni kò tíì dé ibẹ̀, àbí ọ̀nà tí àgbà gbà bi í léèrè ló ṣì í lọ́nà?

Ìlú Neuchâtel ní ilẹ̀ Switzerland ni wọ́n bí Piaget sí ní 1896, ìwádìí lórí ìgbín àti àwọn ẹ̀dá oníkarahun bíi tirẹ̀ ló sì fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1918. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Paris, níbi tí Théodore Simon, onímọ̀ nípa ìdánwò òye, ti ní kó lo àwọn ìbéèrè ìrònú tí Cyril Burt, onímọ̀ bíi tirẹ̀, ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ibẹ̀. Kó fún wọn ní máàkì ni wọ́n rán an, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ náà kùnà ló gba Piaget lọ́kàn, nítorí ó rí i pé àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra máa ń kùnà lọ́nà kan náà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ó ń bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi dáhùn bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan darí ìbéèrè tó kàn. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bí Jacqueline, Lucienne àti Laurent, ó ń kọ ìṣe wọn sílẹ̀ láti ìgbà ìkókó. Èrè ọ̀nà yìí ni pé ẹnu ọmọ fúnra rẹ̀ la ti ń gbọ́ bó ṣe ń ronú. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ṣòro kí ọmọ méjì tó gbọ́ ìbéèrè kan náà, kò sì rọrùn láti fi àwọn ọmọ ọ̀mọ̀wé kan ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ọmọ ayé.

Àyẹ̀wò tí mo yàn kò gba ohun èlò púpọ̀. A ó bu omi sínú ife dígí méjì tó rí bákan náà, ọmọ yóò gbà pé omi inú wọn dọ́gba. A ó da ti ọ̀kan sínú ife gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ níṣojú rẹ̀, a ó wá tún bi í bóyá omi náà ṣì dọ́gba. Ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún sábà máa ń sọ pé ti inú ife gígùn ló pọ̀ jù. Piaget ní gíga omi nìkan ni ọmọ náà ń wò, kò ka fífẹ̀ ife mọ́ ọn, kò sì tíì lè fi ọkàn dá omi náà padà sínú ife àkọ́kọ́; ó di nǹkan bí ọmọ ọdún méje kí òye yìí tó fìdí múlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1974, James McGarrigle àti Margaret Donaldson ní ilẹ̀ Scotland to nǹkan ní ìlà méjì tó dọ́gba, wọ́n sì mú béárì ìṣeré kan jáde bí ẹni tó fẹ́ ba eré jẹ́, ó da ìlà kan rú. Àwọn ọmọ tó sọ pé iye wọn ṣì dọ́gba pọ̀ gan-an ju ìgbà tí àgbà tó ń bi wọ́n léèrè fọwọ́ ara rẹ̀ tún ìlà náà tò. Lọ́dún kan náà, Susan Rose àti Marion Blank yọ ìbéèrè àkọ́kọ́ kúrò, wọ́n bi ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn ìyípadà, àṣìṣe sì dín kù. Nígbà tí mo ka èyí, ilé wa ni ọkàn mi lọ. Ọmọ tí a kọ́ nílé, tí àgbà bi ní nǹkan tó sì dáhùn, tí àgbà ọ̀hún tún wá bi í ní nǹkan kan náà, ti mọ̀ pé èsì àkọ́kọ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí ló kù tí yóò ṣe ju pé kó pa á dà?

Ìmúrasílẹ̀ gbà mí lákòókò ju àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń fi ṣèwádìí fọwọ́ sí i, mo kọ lẹ́tà sí àwọn òbí lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, mo sọ fún wọn pé kì í ṣe ìdánwò ta ló mọ̀wé jù, àti pé wọ́n lè yọ ọmọ wọn nígbàkigbà. Ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: èyí tó bá mi orí nígbà tí mo pè é, ńṣe ni mo jẹ́ kó padà sí kíláàsì. Ọjọ́ ìbí ni mo fi pín wọn, n kò fi kíláàsì ṣe é, torí pé ọmọ méjì tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan lè fi ọdún méjì ju ara wọn lọ. Láàrin àwọn ọmọ ọdún kan náà, mo kọ orúkọ sínú ìwé pélébé, mo ká wọn, olùkọ́ kan sì ń mú wọn láìwò: apá kan ni mo bi lẹ́ẹ̀mejì bíi ti Piaget, apá kejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láìṣẹ́ kèké bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tó bá yọ lè wá láti ara àwọn ọmọ, kó má jẹ́ ti ìbéèrè. Mo sì bu sobo díẹ̀ sínú omi, kí ojú ọmọ lè tètè rí ibi tó ga dé.

Ọmọkùnrin kan tó ti pé ọdún mẹ́fà wà lára àwọn tí mo bi lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ̀ ba, ó wo ife méjèèjì, ó ní, "Wọ́n dọ́gba, mà." Mo da ọ̀kan sínú ife gígùn, mo tún bi í. Kò wo ife mọ́, ojú mi ló ń wò. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fọhùn: "Eléyìí ló pọ̀ jù." Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ṣebí ẹ tún bi mí ni, mà."

Ṣùgbọ́n kí a má tìtorí èyí sọ pé Piaget kò rí nǹkan kan. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wà lára àwọn tí mo bi lẹ́ẹ̀kan, kò sì ṣiyèméjì rárá kó tó nawọ́ sí ife gígùn. Mo dá omi náà padà, ó ní ó ti dọ́gba. Mo tún dà á sínú ife gígùn, ó ní ó ti tún pọ̀. Kò sí ojú tí ó ń wò. Ohun tó rí ló ń sọ.

Ẹnìkejì mi tó ń fún wọn ní máàkì láti inú ohùn tí mo gbà sílẹ̀ kò mọ èrò mi, kó má baà gbè sẹ́yìn mi. Níbi tí máàkì wa kò ti bára mu, a jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Láàrin àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ni ìyàtọ̀ ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kan àti ẹ̀ẹ̀mejì ti hàn jù. Láàrin àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Èyí mú mi rántí ìwádìí tí Patricia Greenfield tẹ̀ jáde ní 1966 láàrin àwọn ọmọ Wolof ní Senegal: nígbà tí àgbà ló da omi, àwọn kan gbà pé ọwọ́ àgbà ló sọ ọ́ di púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ dà á fúnra rẹ̀, èsì tó tọ́ pọ̀ sí i.

Iṣẹ́ mi ní ààlà kan tí n kò lè fò. Àwọn ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ọjọ́ orí wọn yàtọ̀ ni mo wò ní sáà kan, nítorí náà n kò rí ọmọ kankan bó ṣe ń yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyẹn ní láti tẹ̀ lé ọmọ kan náà fún ọdún púpọ̀, kó sì fara da àwọn tó bá kó lọ sí ìlú mìíràn. Mo ti ń gba ìyọ̀ǹda àwọn òbí láti padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin náà lọ́dọọdún títí wọn yóò fi pé méje, pẹ̀lú amọ̀ mímọ àti ìdérí mínírà dípò omi, kó má baà jẹ́ pé àyẹ̀wò ọdún tó kọjá ni wọ́n rántí.